OJÚ TÍ Ń WÒ ÀTI ỌWỌ́ TÍ Ń TÚN UN ṢE: LÁMÈYÍTỌ́ Ẹ̀SÙN KÍBỌ́Ọ̀DÙ KONYIN LÁBẸ́ ÒFIN PÁTẸ́ǸTÌ ÀTI BÁTÀNÌ

1.0 Ìfáàrà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Lagos Analysis Corporation, tí a mọ̀ sí LANCOR, pe ẹjọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Adé Oyègbọlá, ọmọ Nàìjíríà, ni olórí ilé-iṣẹ́ náà. Ìlú Natick ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó sì fi ṣe ibùjókòó. Lára àwọn tí ó pè lẹ́jọ́ ni ẹgbẹ́ One Laptop per Child, tí a ó máa pè ní OLPC nínú iṣẹ́ yìí, àti Nicholas Negroponte tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń du ni kíbọ́ọ̀dù, èyíinì ni pátákó bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. LANCOR ti ṣe kíbọ́ọ̀dù kan tí ó sọ ní Konyin, kí ẹni tí ń kọ èdè Nàìjíríà lè tẹ lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn ní tààrà. OLPC ní tirẹ̀ ń ṣe kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú kan tí a ń pè ní XO fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 2007 kan náà, wọ́n ti gbé XO dé ilé-ìwé Galadima ní Àbújá láti dán an wò.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè nínú ìjà àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ àpilẹ̀kọ oyè ní èdè Yorùbá lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, tí ó sì fi báírò fa àmì sórí fáwẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan láti ojú ewé kìíní títí dé òpin, mọ̀ pé irinṣẹ́ tí a fi ń kọ èdè jẹ́ apá kan ìgbésí-ayé èdè náà. Ẹni tí irinṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní agbára lórí ohun tí a lè kọ àti bí a ṣe lè kọ ọ́.

Iṣẹ́ yìí kò wá dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀sùn àti ọ̀rọ̀ inú òfin tí ẹ̀sùn náà fi ara tì. A fẹ́ kà wọ́n bí a ti ń ka iṣẹ́ ọnà-èdè yòówù: kí ni ọ̀rọ̀ yìí gbé rù, kí ni ó gbé pamọ́, ta ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀? Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé ààbò ètò kọ̀ǹpútà dúró lórí nǹkan mẹ́ta: ojú tí ó lè wò, ọwọ́ tí ó lómìnira láti tún un ṣe, àti ẹni tí a yàn sí ìtọ́jú. Òfin pátẹ́ǹtì fún wa ní ojú, ó sì di ọwọ́ mú. Àwọn tí ń tú kóòdù wọn síta tú ọwọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà yan olùtọ́jú. Ní ìparí, a ó fi iṣẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ ẹnu ní Ìmẹ̀rí àti agbègbè Ọ̀wọ̀ ṣe àpẹẹrẹ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwa tí ń ṣe iṣẹ́ èdè.

2.0 Ẹ̀sùn náà àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀sùn LANCOR pín sí. Èkínní ni pé OLPC lo bátànì Konyin tí LANCOR ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú nọ́ńbà RD8489. Èkejì ni pé OLPC ra Konyin méjì, ó tú ètò atọ́nà wọn palẹ̀ láti mọ kóòdù inú rẹ̀, ó sì lo ohun tí ó rí fún XO. Ètò atọ́nà ni ètò kékeré tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé lẹ́tà wo ni bọ́tìnnì wo dúró fún. LANCOR béèrè 20 mílíọ̀nù dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bìínú. OLPC sẹ́ ẹ̀sùn náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ kíyè sí ni pé ọ̀pọ̀ ìròyìn tí ó jáde nígbà náà ń pe ọ̀ràn yìí ní ẹjọ́ pátẹ́ǹtì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pátẹ́ǹtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tí ó ṣẹ̀dá nǹkan tuntun, kí ẹlòmíràn má lè ṣe é, lò ó tàbí tà á fún iye ọdún kan láìgba àṣẹ. Ẹ̀tọ́ lórí bátànì yàtọ̀ sí i: ìrísí ọjà ni ó ń dáàbò bò. Ẹ̀tọ́ kẹta ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, èyí tí ó wà lórí kóòdù fúnra rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 1988 ní orílẹ̀-èdè wa ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, òfin tuntun ti 2022 sì tẹ̀lé e. Nípa bẹ́ẹ̀, lójú òfin, ẹni tí ó kọ ètò atọ́nà kíbọ́ọ̀dù àti ẹni tí ó kọ ìtàn àròsọ jọ jókòó lórí ẹní kan náà.

Ìdàpọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí a bá ti pe ẹ̀tọ́ mẹ́ta ní orúkọ kan, agbára ọ̀kan yóò ran èkejì. Ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí ìrísí pátákó yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ni ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀, àwọn tí ń gbọ́ yóò sì máa bẹ̀rù ohun tí òfin kò fún un. Bátànì Konyin ní bọ́tìnnì Shift mẹ́rin, èyí tí kò wọ́pọ̀ lára kíbọ́ọ̀dù. Ìrísí ni a lè pe èyí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kí bọ́tìnnì kan máa mú ju lẹ́tà méjì lọ wá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: bọ́tìnnì AltGr ti wà lára kíbọ́ọ̀dù ní Yúróòpù láti àwọn ọdún 1980, ìlànà XKB tí àwọn tí ń lo Linux fi ń to bọ́tìnnì sì ti wà ní gbangba láti 1996.

3.0 Kíka òfin 1970

Òfin Pátẹ́ǹtì àti Bátànì tí ìjọba ológun ṣe ní 1970 ni a ṣì ń lò. Ní ọdún náà, kọ̀ǹpútà kò tíì di ohun tí ará ìlú ń rí, kò sì yà wá lẹ́nu pé òfin náà kò dárúkọ ètò kọ̀ǹpútà rárá. Kò fi àyè gbà á, kò sì lé e jáde. Àdéhùn Yúróòpù ti 1973 lórí pátẹ́ǹtì, ní tirẹ̀, sọ ọ́ ní gbangba pé ètò kọ̀ǹpútà lásán kò lè gba pátẹ́ǹtì. Ìdákẹ́jẹ́ òfin tiwa ni àwọn agbẹjọ́rò ń tú bí ó ti wù wọ́n. Gbólóhùn mẹ́ta inú òfin náà ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́.

Gbólóhùn kìíní ni èyí tí ó sọ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́. Òfin náà ní ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni olùṣẹ̀dá lójú òfin, ìbáà jẹ́ òun ni ó ṣẹ̀dá nǹkan náà ní tòótọ́ tàbí òun kọ́. Ohun kan náà ni ó sọ nípa bátànì. Ní tòótọ́, òfin fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí a jí ọgbọ́n rẹ̀ láti gba ohun tirẹ̀ padà, ó sì ní kí a dárúkọ olùṣẹ̀dá gan-an. Síbẹ̀ ẹ̀rù ìjẹ́rìí wà lórí ẹni tí kò sáré dé ọ́fíìsì. Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ẹni tí ó kọ́kọ́ pariwo rẹ̀. Òfin yìí mú ariwo ṣáájú.

Gbólóhùn kejì ni pé ìjọba ń fún ni ní pátẹ́ǹtì láìfọwọ́ sọ̀yà pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ewu rẹ̀ wà lórí ẹni tí ó gbà á. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ́fíìsì tí ń gba ìwé kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun. Ó ń wo bóyá ìwé pé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bátànì. Nọ́ńbà RD8489 nígbà náà kò jẹ́rìí sí nǹkan mìíràn ju pé ẹnìkan fi ìwé sílẹ̀, ìwé náà sì pé. Nígbà tí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá jáde nínú ìròyìn, ará ìlú ń rò pé ìjọba ti dán an wò. Ibi tí òfin ti dákẹ́ ni òǹkàwé ti ń gbọ́ ohùn tí kò sí níbẹ̀.

Gbólóhùn kẹta ni èyí tí ó túmọ̀ bátànì. Ìlà, àwọ̀ tàbí ìrísí lè jẹ́ bátànì bí a bá fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ọjà, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ṣe é nítorí àbájáde iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Gbólóhùn yìí ni ó bọ́ sí àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ Konyin. Kí ni ìdí tí a fi to bọ́tìnnì sí ibi tí a tò ó sí? Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ẹwà ni, òfin dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ni ẹni tí ń kọ Yorùbá ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí kí ọwọ́ lè tètè dé ẹ, ọ àti ṣ ni, àbájáde iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ìyẹn. Ohun tí ó mú Konyin wúlò fún wa gan-an ni ohun tí òfin bátànì kò fi gbogbo ara gbà.

Ẹ̀tọ́ bátànì jẹ́ ọdún 5, a sì lè tún un gbà lẹ́ẹ̀mejì, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò fi lè kọjá ọdún 15. Bátànì yòówù tí ó ti ní nọ́ńbà kí ẹjọ́ 2007 tó wáyé ti kúrò lábẹ́ òfin ní ìparí 2022. Ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí kóòdù ní tirẹ̀ ń lọ títí di 70 ọdún. Bí ìrísí pátákó bá ti di ti gbogbo ayé, kóòdù tí ń mú un ṣiṣẹ́ lè wà nínú àpótí títí ìran kan yóò fi kọjá. Pátẹ́ǹtì a máa béèrè pé kí olùṣẹ̀dá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kedere tó kí oníṣẹ́ mìíràn lè ṣe é. Ẹ̀tọ́ àdàkọ kò béèrè irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Àyè kan wà níbí tí òfin wa kò tíì di.

4.0 Kí ni ààbò ní í ṣe pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù?

Nínú gbogbo ètò tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, ètò atọ́nà kíbọ́ọ̀dù ni ó sún mọ́ ìka wa jù lọ. Ohun gbogbo tí a bá tẹ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: lẹ́tà sí ẹbí, ìdáhùn ìdánwò, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń dé ibi owó wa wà ní báǹkì. Bí ẹni tí ó kọ ètò bẹ́ẹ̀ bá fẹ́, ó lè máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa fi ránṣẹ́. A kò sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú Konyin, kò sì sí ìdí kankan tí a ó fi fura sí i. Ohun tí a ń sọ ni pé òǹlò kò ní ọ̀nà láti mọ̀, bí kò ṣe pé kí ó gba olùtajà gbọ́. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ bọ́tìnnì lábẹ́ XKB, ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, jẹ́ àtẹ ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tí ó bá lè ka àtẹ lè kà á, yóò sì rí i pé lẹ́tà nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Èyí ni ìtumọ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní open source, tí a ó máa pè ní ètò ojútáyé nínú iṣẹ́ yìí: ètò tí àwọn tí ó kọ ọ́ tú kóòdù rẹ̀ síta, tí wọ́n sì fún gbogbo ènìyàn láyè láti kà á, tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1883, Auguste Kerckhoffs kọ ọ́ pé ọ̀nà tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àrokò kò gbọdọ̀ gbára lé fífi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ pamọ́. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó yẹ kí ó jẹ́ àṣírí. OLPC tẹ̀lé èrò yìí. Nígbà tí Ivan Krstić kọ ètò ààbò XO tí a ń pè ní Bitfrost, gbangba ni a tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 2007. Lára ìlànà rẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ fi bí a ṣe ṣe é pamọ́, a kò gbọdọ̀ ti ọmọ tí ó ni kọ̀ǹpútà mọ́ òde nínú ohun ìní rẹ̀, ààbò náà kò sì gbọdọ̀ béèrè pé kí ọmọ náà ti mọ̀wé kà. Lórí Linux ni XO sì ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí òfin pátẹ́ǹtì ti wọ inú ọ̀rọ̀ ààbò ni a lè rí kedere nínú ìtàn RSA, ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀-dàrokò tí a gba pátẹ́ǹtì lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1983. Gbogbo ayé ni ó lè ka àlàyé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò gba àṣẹ kò lè lò ó títí di oṣù kẹsàn-án 2000. Nígbà tí ètò ojútáyé GnuPG jáde ní 1999 láti ran ará ìlú lọ́wọ́ kí wọ́n lè dáàbò bo lẹ́tà wọn, àwọn tí ó kọ ọ́ yọ RSA sílẹ̀, wọ́n sì lo ọgbọ́n mìíràn tí pátẹ́ǹtì kò dì mú. Lẹ́yìn tí pátẹ́ǹtì náà parí ni wọ́n tó fi RSA kún un. Ojú wà ní gbogbo àkókò náà. Ọwọ́ ni kò sí. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó lè dáàbò bò wọ́n wà níwájú wọn bí oúnjẹ nínú àwo onígíláàsì.

Àwọn alágbàwí ètò ojútáyé mọ ewu yìí. Ìwé àṣẹ GPL ẹ̀dà kẹta, tí ó jáde ní oṣù kẹfà 2007, ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fi kóòdù kún ètò yọ̀ǹda pátẹ́ǹtì tí ó bá ní lórí ohun tí ó fi kún un. Ṣùgbọ́n àdéhùn kì í de ẹni tí kò bá wọn dá a. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni LANCOR pe ẹjọ́. Ìta agbo ni LANCOR wà, kò sì sí ìwé àṣẹ kankan láàárín àwọn ará agbo tí ó lè dá a lẹ́kun. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, a kò nílò láti mọ ẹni tí ó jàre.

5.0 Igba ojú ń kọ́?

Bí a bá dúró síbí, iṣẹ́ wa yóò di ìyìn lásán fún ètò ojútáyé. Yorùbá ní ojú mẹ́rin ni ó ń bímọ, igba ojú ni ó ń tọ́ ọ. Òwe yìí bá ohun tí Eric Raymond ń sọ nínú àròkọ rẹ̀ ti 1997 mu, pé bí ojú tí ń wo kóòdù bá pọ̀ tó, kò sí àṣìṣe tí yóò lè sá pamọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ka òwe tiwa dáadáa. Kò sọ pé igba ojú ń wò ó kọjá. Ó sọ pé wọ́n ń tọ́ ọ. Iṣẹ́ ni títọ́.

Ní oṣù kẹrin 2014 ni a tú àṣírí àlébù Heartbleed nínú OpenSSL, ètò ojútáyé tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àwọn òǹlò wọn. Láti 2012 ni àlébù náà ti wà nínú ètò tí gbogbo ènìyàn lè kà. Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, owó tí wọ́n ń rí kò tó nǹkan, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund ṣàkíyèsí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ó ń wọlé sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ìwádìí rẹ̀ fi hàn pé ẹnìkan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ètò xz. Ó ti lé ní ọdún méjì tí onítọ̀hún ti ń fi iṣẹ́ dáadáa ra ìgbẹ́kẹ̀lé ẹni tí ń dá nìkan tọ́jú ètò náà. Ìṣísílẹ̀ ni ó jẹ́ kí Freund lè rí i. Ìdánìkanwà olùtọ́jú ni ó jẹ́ kí ọ̀tá lè wọlé.

Ẹ̀dùn ọkàn LANCOR náà yẹ ní ìgbọ́, yálà ó jàre tàbí kò jàre. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ná owó àti àkókò sórí ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò kà sí. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kan tí àwọn olówó ayé wà lẹ́yìn rẹ̀ dé pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù fún Nàìjíríà, ní orúkọ àánú àti ìṣísílẹ̀. A ti rí irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ àdìrẹ. Àwọn aládìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn jọ ń lo bátànì Ìbàdàndùn àti Olókun, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè yà á, ọwọ́ ni a fi ń mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yà. Àjọni yìí gbè wọ́n níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wọn jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òjìji kan náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀ṣọ láti òkè òkun bá wá tẹ bátànì kan náà sórí aṣọ olówó pọ́ọ́kú, èrè àjọni yóò gba ibòmíràn lọ. Ìṣísílẹ̀ láàárín àwọn tí agbára wọn kò dọ́gba kì í ṣe ìwà rere nìkan; ọ̀nà ni ó tún lè jẹ́ fún alágbára láti kó ti aláìlágbára.

Síbẹ̀, ohun tí LANCOR yàn láti fi wo ọgbẹ́ náà kò bá ọgbẹ́ mu. Ẹ̀tọ́ bátànì kò lè sọ fún òǹlò pé ètò atọ́nà inú rẹ̀ kò léwu. Kò lè jẹ́ kí olùkọ́ kan tún un ṣe nígbà tí kọ̀ǹpútà tuntun bá dé. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín bá sì ti ilẹ̀kùn, kò lè jẹ́ kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà ṣe.

6.0 Láti Èkó dé Ìmẹ̀rí

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ibi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ tiwa. Kí a sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí Ìmẹ̀rí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti gba oríkì àti àlọ́ sílẹ̀, tí ó sì gba Ọ̀wọ̀ kọjá láti fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀, yóò bá ìró kan pàdé tí kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, tí a sábà máa ń fi gh kọ. Orúkọ tí àwọn ọmọ ìlú náà fi ń pe ìlú wọn gan-an, Ọ̀ghọ̀, ló gbé e rù. Bí ètò tí ó fi ń kọ̀wé bá ń fi agbára sọ Ọ̀ghọ̀ di Ọ̀wọ̀, ta ni yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ ta kí ó tó dá a dúró? Bí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá wà ní gbangba, ó lè yí i padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bí kò bá sí ní gbangba, yóò kọ lẹ́tà sí Natick tàbí ibòmíràn, yóò sì máa retí èsì.

Ìṣòro kejì jẹ mọ́ ààbò gan-an. Ìlànà Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, fún ẹ ní àyè tirẹ̀, kò sì fún ẹ́ ní àyè kan ṣoṣo. Ọ̀nà tí a fi lè kọ ẹ́ ju ọ̀kan lọ: a lè mú ẹ kí a fi àmì òkè lé e lórí, a sì lè mú é kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n. Nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀, bí ètò kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè wá orúkọ kan nínú àkójọ rẹ̀ kí ó má rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù mìíràn. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ó ní àmì ohùn lè kọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn nítorí ìdí kan náà. Bákan náà ni àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì: àmì abẹ́ ọ lè fara pamọ́ sábẹ́ ìlà tí a máa ń fà sábẹ́ àdírẹ́sì, tí oníjìbìtì yóò sì fi ojúbodè èké pe ara rẹ̀ ní báǹkì. Àwa tí èdè wa ní àmì nísàlẹ̀ ni ọ̀ràn yìí kàn jù, àwa ni a sì gbọ́dọ̀ lè wo ètò tí ń bójú tó o.

Ìtàn àkọtọ́ wa fi ọ̀nà hàn. Láti ìwé ọ̀rọ̀ tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 títí dé ìpàdé àwọn Ìjọ Sí-Ẹ̀m-Ẹ̀sì ní Èkó ní 1875, àti ètò àkọtọ́ ti 1974, àríyànjiyàn pọ̀ lórí lẹ́tà àti àmì. Kò sí ẹni tí ó gba nọ́ńbà lé orí àmì abẹ́ ọ. Ní Orílẹ̀-Èdè Benin, àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ bá àkọtọ́ ìjọba wọn lọ, wọ́n ń kọ ɛ àti ɔ, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ohun tí ó jẹ́ kí àkọtọ́ náà wà láàyè ni pé àwọn ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n sì tún un ṣe. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn ni ètò ojútáyé sábà máa ń ṣaláìní.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni a ní. Kí òfin tí yóò bá rọ́pò ti 1970 sọ̀rọ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà ní gbangba, kí ó sì yọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà èdè kúrò nínú ohun tí ẹnìkan lè fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Kí ọ́fíìsì tí ń gba ìwé máa kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé-ẹ̀rí pé òun kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tuntun ni. Kí àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì wa sì gba ìtọ́jú àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá, èyí tí ó ti wà nínú ètò ojútáyé XKB, gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ wọn, kí wọ́n yan ènìyàn méjì ó kéré tán sí i, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ sínú ètò ìnáwó ọdọọdún.

7.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹ̀sùn Konyin da ẹ̀tọ́ mẹ́ta pọ̀, pé òfin 1970 fún ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ní ohùn tí ó ju ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ lọ, àti pé kò sí èyí tí ó lè fi ọkàn òǹlò balẹ̀ nínú ìrísí tí a tì pa àti kóòdù tí a tú sílẹ̀ láìní olùtọ́jú. Àwọn alágbàwí pátẹ́ǹtì yóò ní ẹni tí kò bá jèrè kò ní ṣẹ̀dá. Òótọ́ wà níbẹ̀, àbá kẹta wa sì gbà bẹ́ẹ̀: owó gbọ́dọ̀ wọlé fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí owó náà máa ti ara dídi ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Irinṣẹ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ wa ń gbà kọjá kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a kò lè yẹ̀ wò, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a ń wò lásán títí àlébù yóò fi bà á jẹ́. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà ní gbangba lónìí. Ohun tí ó kù ni kí a mọ orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, kí orúkọ náà sì jẹ́ ti ẹni tí ń sọ èdè náà.